Honda S2000 tó ti rin 247,000 kìlómítà: àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò kan kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni Honda S2000 kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2001. Ó ti rin 247,000 kìlómítà nígbà tí wọ́n gbé e síta fún títà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ rà á ti ń fi owó pa mọ́ nítorí irú ọkọ̀ yìí tipẹ́, ó sì ti wádìí lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀ kó tó wá bá mi. Àwọn kan sọ fún un pé ọlọ́gbọ́n kì í ra ọkọ̀ asáré tó ti rìn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹ́ńjìnnì Honda kì í kú, kó má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fojú kan ọkọ̀ náà rí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé kí n bá ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Nígbà tó pè mí, ohun tó bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé máíléèjì yẹn ò ti pọ̀ jù báyìí?" Kí n tó dá a lóhùn, èmi náà bi í: "Tó o bá san owó ọkọ̀ yìí tán, èló ló máa kù sí ẹ lọ́wọ́?" Ó ronú díẹ̀, ó ní ó máa tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ náà. Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n gbà láti bá a lọ. Ká ní gbogbo owó rẹ̀ ló máa bá a lọ ni, mi ò bá ti dá a dúró níbẹ̀, bó ti wù kí ọkọ̀ náà dára tó. Ọkọ̀ asáré tó ti pẹ́ máa ń béèrè owó lọ́dún àkọ́kọ́ tó bá dé ọwọ́ tuntun, ẹni tí kò bá sì ní in á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó yẹ kó ṣe lónìí sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ rere ti ń bàjẹ́.

Ọkọ̀ kejì kan wà tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Irú kan náà ni, ọdún kan náà. Kìlómítà 96,000 péré ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, owó rẹ̀ sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá ra ìyẹn, ohun tó máa ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ kò ní ju ìdá kan nínú méjìlá owó ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ìwé ìtọ́jú kankan kò sì tẹ̀ lé e. Àmọ́ nọ́ńbà kékeré yẹn ń fọkàn ẹni balẹ̀, mo sì rí i pé ó ti ń fọkàn tirẹ̀ balẹ̀.

Mo ní kó bá mi ṣírò. Ká ní orí títì márosẹ̀ ni èyí tó rin 247,000 ti rin èyí tó pọ̀ jù, tí ìpíndọ́gba eré rẹ̀ jẹ́ 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Nǹkan bíi 3,090 wákàtí ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti fi ṣiṣẹ́. Ká ní àárín ìlú nìkan ni èyí tó rin 96,000 ń rìn, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ní 30 kìlómítà ní wákàtí kan. Wákàtí 3,200 nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ti lè ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ, ó sì ti lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń tàn án ní tútù, tí wọ́n ń pa á kí ọ́ìlì tó gbóná. A ò tíì mọ̀ bóyá bọ́rọ̀ àwọn ọkọ̀ méjèèjì ṣe rí nìyí. Mo kàn fẹ́ kó yé e pé máíléèjì nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, torí òun ló pinnu ohun tí a ní láti wá. Honda ṣe S2000 láti 1999 títí di 2009. Ẹ́ńjìnnì F20C tó wà nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 1,997 cc, sílíńdà mẹ́rin, fáàfù 16 (àwọn ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde), kò sì ní turbo (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ ẹ́ńjìnnì) kankan. Síbẹ̀ agbára ẹṣin 240 ló ń mú jáde, 250 nínú àwọn tí wọ́n tà ní Jàpáàn. Ọ̀nà tó ń gbà rí agbára yẹn ni pé ó ń yí kíákíá: ó lè yí dé 9,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ní nǹkan bíi 6,000 ni VTEC, ìyẹn ètò tí Honda fi ń yí bí fáàfù ṣe ń ṣí padà, máa ń gbé fáàfù lé orí káàmù (ohun tó ń tì í ṣí) tó ga jù, ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ náà ti ń yí ohùn padà. Ṣéènì ló ń yí káàmù, kì í ṣe bẹ́líìtì, nítorí náà kò sí bẹ́líìtì tí èèyàn á máa bẹ̀rù pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Gíà mẹ́fà oníkílọ́ọ̀ṣì nìkan ló ní. Ohun kan tó yẹ kí olùrà fi sọ́kàn ni ògiri inú sílíńdà. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi fíbà kábọ́ọ̀nù àti álúmínà fún lágbára ni wọ́n fi ṣe é. Ó le, ó sì fúyẹ́, àmọ́ tó bá ti ha, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ sílíńdà onírin kò bá a mu. Bílọ́ọ̀kù mìíràn, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tí sílíńdà wà nínú rẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń wá.

Ohun tí fáìlì ìwé sọ

Bàbá kan ló ni ọkọ̀ tó rin 247,000 náà. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì ni ẹnì kẹta tó ní in. Ibi iṣẹ́ tó jìnnà ló fi ń lọ, lórí títì gbọrọ, ó sì tọ́jú ìwé. Fáìlì rẹ̀ kún fọ́fọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí bó ṣe nípọn tó, ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín. Fáìlì tó nípọn máa ń dùn mọ́ olùrà nínú, bẹ́ẹ̀ kìkì pé ìwé pọ̀ kò túmọ̀ sí pé ìròyìn rere ló wà níbẹ̀.

Mo to àwọn rìsíìtì náà sílẹ̀ ní ìtẹ̀léra kìlómítà, mo sì kọ ohun tí wọ́n rà síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí bàbá ti gbà á, ohun gbogbo ń lọ déédéé: ọ́ìlì kò kọjá 8,000 kìlómítà rí kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún àlàfo fáàfù ṣe nígbà méjì, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà àti ti dífà (gíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì) lásìkò. Páàdì bíréèkì iwájú kan lò ju 50,000 kìlómítà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ṣáájú rẹ̀, láàárín 118,000 sí 141,000, ìtàn náà yàtọ̀. Láàárín 23,000 kìlómítà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ra páàdì bíréèkì iwájú. Wọ́n ra táyà ẹ̀yìn léraléra. Wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ra ọ́ìlì bíréèkì irú èyí tó ń fara da ooru gíga.

Ojú títì kì í jẹ páàdì bẹ́ẹ̀. Ẹnì kejì tó ni ọkọ̀ náà ti ń gbé e lọ sí pápá ìdíje. Mo fi ìlà yẹn han bàbá. Ó wò ó títí, ó ní òun ò mọ̀ pé ìwé yẹn lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́, torí ká ní ó fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ ni, ì bá ti yọ àwọn rìsíìtì yẹn kúrò kí a tó dé.

Pápá ìdíje nìkan kò tó ohun tí èèyàn á tìtorí rẹ̀ kọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ń tọ́jú ọkọ̀ wọn ju àwọn tó ń wà á lọ ra búrẹ́dì lọ. Àmọ́ ó sọ ibi tó yẹ kí a wò fún mi. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé orí ẹ́ńjìnnì ni àyẹ̀wò yìí á parí sí.

Tútù, kì í ṣe gbígbóná

Nígbà tí a kọ́kọ́ débẹ̀, mo gbé ọwọ́ sí ìtòsí redíétọ̀, ooru ń ti ibẹ̀ bọ̀. Bàbá ti tan ọkọ̀ náà kí a tó dé, ó ní òun fẹ́ kó ti múra sílẹ̀ dè wá. Kò ní in lọ́kàn láti tan wá jẹ, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kò ní sọ ohun tí tútù máa sọ. A ò jẹ́ kó tún un tàn. Ara ọkọ̀ nìkan la wò lọ́jọ́ yẹn, a sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká padà wá ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.

Ara ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn kíkùn fi hàn pé wọ́n ti kun ara ẹ̀yìn lápá ọ̀tún rí, kíkùn tó dára ni, irin abẹ́ rẹ̀ kò sì tẹ̀. (Ẹ má fi mágínẹ́ẹ̀tì wá ibi tí wọ́n fi nǹkan dí lábẹ́ kíkùn lára bọ́nẹ́ẹ̀tì S2000. Alumíníọ̀mù ni, kò ní mú un rárá, mo sì ti rí olùrà tó tìtorí ìyẹn sá.) Àwọn bóòtù tí wọ́n fi ń tún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe fún àláímẹ́ǹtì ti gan mọ́nú rọ́bà wọn nítorí ìpatà. Ìyẹn wọ́pọ̀ lára wọn, iṣẹ́ gígé àti pípààrọ̀ sì ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a padà lọ ní òwúrọ̀, ó tàn ní ẹ̀ẹ̀kan, ariwo kan sì ń ta kàrà-kàrà láti iwájú ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó ń fa ṣéènì le ti ń rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀: èyí wọ́pọ̀ lára ẹ́ńjìnnì yìí, láti ìta ni wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀, kò sì gba kí a tú ẹ́ńjìnnì. Gíà kejì ń lọ̀ nígbà tó ṣì tútù, ó sì dákẹ́ lẹ́yìn tó gbóná. Kò sí èéfín nígbà tí a lo gbogbo agbára rẹ̀, kò sì sí nígbà tí a gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Ẹ̀rọ tí a fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló mú wa dúró díẹ̀. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, àmọ́ àwọn ìdánwò tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe fún ara rẹ̀ kò tíì parí. Ohun tí ìyẹn sábà ń túmọ̀ sí ni pé ẹnì kan ti pa àṣìṣe rẹ́ láìpẹ́, tàbí pé wọ́n ti yọ bátìrì. Bàbá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bátìrì ni, ó sì mú rìsíìtì rẹ̀ wá. Dípò kí a máa jiyàn, a ní kó máa wà á lọ síbi iṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a tún kà á, gbogbo ìdánwò ti parí, àṣìṣe kankan kò sì yọjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ká ní a ti fẹ̀sùn kan bàbá náà lọ́jọ́ yẹn, kò ní gbà fún ohun tí a béèrè lẹ́yìn náà.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti yí padà

A wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sílíńdà tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà a fún afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan láti ojú ihò púlọ́ọ̀gì, pẹ̀lú fáàfù ní títì, láti mọ ìwọ̀n tó ń jò. Ìdánwò yìí ṣe kókó ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí etí lè sọ ibi tí àbùkù wà: bí afẹ́fẹ́ bá ń súfèé láti ojú ibi tí wọ́n ti ń bu ọ́ìlì, ríǹgì písítìnì ni; láti sálẹ́ńsà, fáàfù ìjáde; láti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, fáàfù ìwọlé; bí omi bá ń hó nínú redíétọ̀, gáskẹ́ẹ̀tì orí ni. Gbogbo sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lábẹ́ 10%. Fún ẹ́ńjìnnì tó ti rìn tó yẹn, ohun ìwúrí ni.

Inú ọ̀dọ́mọkùnrin náà dùn. Ó fẹ́ sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn tún ti ń pe bàbá lórí fóònù pé òun ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀ sí i, pé mo fẹ́ ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì. Bàbá fajú ro.

"Ṣé ẹ fẹ́ tú mọ́tò mi ni?"

Mo ní, "Rárá o, bàbá. Ìdérí lásán ni. Àwa la máa san owó mẹkáníìkì, àwa la sì máa ra gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí tuntun. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ tà á fún wa, ẹ̀yin náà á mọ ohun tó wà níbẹ̀." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó gbà.

Ohun tí mò ń wá ni retainer, ìyẹn àwo kékeré tó jókòó lórí sípíríǹgì fáàfù kọ̀ọ̀kan. Irin wẹ́wẹ́ méjì ló há sí àárín rẹ̀, àwọn ló di ọrùn fáàfù mú kó má bàa já sínú sílíńdà. Nínú àwọn S2000 tó ṣáájú 2004, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá yí kọjá agbára rẹ̀ lè fọ́ àwo yìí. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń gé epo tí ìyípo bá ti dé òpin, nítorí náà ẹsẹ̀ tó tẹ epo kò lè fà á. Gíà tí ọwọ́ ṣì ló lè fà á. Gíà kẹrin wà lẹ́yìn gíà kẹta tààrà. Gíà kejì náà wà lẹ́yìn, lápá òsì rẹ̀. Ẹni tó ń kánjú fa gíà láti kẹta sí kẹrin lè kó sí kejì. Ìpín gíà kẹta jẹ́ 1.481, ti kejì jẹ́ 2.045. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 9,000 nígbà tí àṣìṣe yẹn ṣẹlẹ̀, táyà á fẹ́ fipá yí i dé ibi tó lé ní 12,400. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá ìyẹn dúró, torí pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ti ẹ́ńjìnnì.

A tan iná sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí sílíńdà kẹta, ọ̀kan nínú àwọn fáàfù ìwọlé kò rí bí àwọn yòókù. Orí rẹ̀ rì sínú àwo náà. Nígbà tí mẹkáníìkì fi dígí kékeré wò ó lábẹ́ rọ́kà (apá tó ń ti fáàfù), ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là láti àárín àwo náà dé etí. Mo pe bàbá àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí wọ́n fojú ara wọn wò ó.

Kí ló dé tí ìdánwò méjèèjì kò fi rí i? Torí pé fáàfù náà ṣì ń tì dáadáa. Ohun tó dì í mú ló ti fọ́, ẹnu rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Ọjọ́ tí àwo yẹn bá là tán, fáàfù á já bọ́ lu písítìnì, a ó sì padà sórí ọ̀rọ̀ ògiri sílíńdà tí mo sọ níṣàájú. Ó ti lé ní 100,000 kìlómítà tí ọkọ̀ náà ti ń rìn lọ́wọ́ bàbá tó rọra ń wà á, ó sì lè jẹ́ pé ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Ó sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, "Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà níbẹ̀ o." Ó tì í lójú, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló jẹ̀bi.

Ọkọ̀ kejì

Ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ̀wẹ̀sì, ó sì ní ká lọ wo èyí tó rin 96,000. A lọ. Kò gbà wá lákòókò. Ẹni tó ń tà á kò fẹ́ ká bá ẹ́ńjìnnì ní tútù. Ọ́ìlì kò dé ìsàlẹ̀ àmì tó wà lára igi tí wọ́n fi ń wò ó, èyí sì burú fún ẹ́ńjìnnì tó máa ń mu ọ́ìlì tí wọ́n bá ń yí i sókè. Nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà fi hàn pé táyà náà ti gbó ju ohun tó yẹ kí èèyàn gùn lọ. Rọ́bà ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ dé irin. Mo béèrè bóyá a lè ṣí ìdérí, ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ rà á kó máa lọ. A sì lọ.

Nínú ọkọ̀ tí a fi padà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti sọ ohun kan tó wú mi lórí: "Ẹ̀gbọ́n, ti bàbá yẹn, a mọ ohun tó ń ṣe é." Bó ṣe rí nìyẹn. Àbùkù kan wà lára ọkọ̀ kan, a ti fojú rí i, a mọ iye tí àtúnṣe rẹ̀ á gbà. Èkejì lè má ní àbùkù kankan, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa jẹ́ ká mọ̀.

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò

Àwọn ìpinnu mẹ́ta ló wà níwájú wa. Kó fi í sílẹ̀. Kó gba ẹ̀dínwó, kó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Tàbí kí wọ́n tún un ṣe kí owó tó pé, kí a tún un wọ̀n, ká sì wá pinnu. Ìkẹta ni mo gbà á nímọ̀ràn, torí pé a ò tíì mọ bóyá fáàfù nìkan ni ìyípo yẹn pa lára.

Mo kọ gbogbo àbájáde sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó. Nígbà tí bàbá kà á, kò jiyàn nípa ohun tó wà lára ọkọ̀ náà, iye nìkan ló kù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè ẹ̀dínwó ìdá kan nínú mẹ́fà, bàbá ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni wọ́n fẹnu kò sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà san àsansílẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdéhùn pé bí a bá rí ìbàjẹ́ mìíràn nínú ẹ́ńjìnnì, bàbá á dá owó rẹ̀ padà, yóò sì yọ owó iṣẹ́ kúrò níbẹ̀.

Mẹkáníìkì kò tú orí ẹ́ńjìnnì. Ó gbé písítìnì kọ̀ọ̀kan dé òkè, ó fún afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà láti ojú ihò púlọ́ọ̀gì kí fáàfù má bàa já, ó sì pààrọ̀ àwo mẹ́rìndínlógún àti àwọn irin wẹ́wẹ́ wọn sí irú èyí tó wà nínú àwọn ti 2004 sókè, tó lágbára jù. Nígbà tó kó àwọn ti tẹ́lẹ̀ lé orí tábìlì, méjì ló ti là, kì í ṣe ọ̀kan. Èkejì kò tíì rì, ojú kò lè rí i láti òkè. Wọ́n tún àlàfo fáàfù ṣe ní tútù: 0.21 sí 0.25 mílímítà fún ìwọlé, 0.25 sí 0.29 fún ìjáde. A tún fún afẹ́fẹ́ sí i, ìwọ̀n tó ń jò kò yí padà. A gé asẹ́ ọ́ìlì, a sì na bébà inú rẹ̀ sójú oòrùn: kò sí irin tó ń tàn. A fi ọ́ìlì díẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n yẹ bàbà àti òjé inú rẹ̀ wò, àwọn tó máa ń pọ̀ nínú ọ́ìlì tí bẹ́rìn bá ti ń jẹ. Wọn kò pọ̀. Ó san owó tó kù.

Mẹkáníìkì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ pé ńṣe ló yẹ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, pé ẹ́ńjìnnì tó ti kọjá agbára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, torí àwọn bóòtù tó di ọ̀pá písítìnì mú ti lè nà láìsí ẹni tó máa rí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n ronú yàtọ̀ sí i ni èyí tó lé ní 100,000 kìlómítà tí ọkọ̀ náà ti rìn lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn, àti owó tó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ká ní ẹni tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn ló wà níwájú mi, ọkọ̀ kan náà, ẹ̀dínwó kan náà, n kò ní gbà kó rà á.

Lẹ́yìn ọdún kan, ọkọ̀ náà wà ní 263,000. Ó ti pààrọ̀ ohun tó ń fa ṣéènì, ó ti gé àwọn bóòtù ẹ̀yìn tó gan, bẹ́rìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan náà sì ti lọ. Àwọn wọ̀nyí ti gba nǹkan bí ìdajì owó tó fi sẹ́yìn. Gíà kejì ṣì ń lọ̀ ní òwúrọ̀. Ó ń wo ọ́ìlì ní gbogbo ìgbà tó bá ra epo.

Fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí

Ẹ béèrè owó tó máa ṣẹ́ kù kí ẹ tó béèrè máíléèjì. Ẹ to rìsíìtì ní ìtẹ̀léra kìlómítà, kí ẹ sì wo bí nǹkan ṣe ń jẹ kíákíá sí: páàdì, táyà àti kílọ́ọ̀ṣì ló ń sọ bí wọ́n ṣe wa ọkọ̀. Fún S2000 tó ṣáájú 2004, ẹ má jẹ́ kí kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n tó dára dá yín dúró láti ṣí ìdérí, torí iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì rí ẹyọ kan tó là, gbogbo mẹ́rìndínlógún ni kí ẹ yọ.

Ohun tí mo wá ń ṣe nínú gbogbo ìwé àbájáde tí mò ń kọ láti ìgbà yẹn ni ojú ìwé kan fún ohun tí a kò yẹ̀ wò àti ìdí tí a kò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí ti ọkọ̀ yìí, mo kọ bóòtù ọ̀pá písítìnì, inú gíà àti inú dífà síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fọwọ́ sí ojú ìwé yẹn ṣáájú kó tó fọwọ́ sí àdéhùn rírà.